Àhesọ àti òfófó: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè dáadáa. Nínú ìròyìn tí mò ń kọ, mo rí i pé àwọn kan ń fi àhesọ àti òfófó rọ́pò ara wọn. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá já sí òótọ́ ńkọ́, ṣé àhesọ náà ni?

Èsì 1
Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ tú àhesọ palẹ̀: à-, he, sọ. Bí èèyàn bá rí owó nílẹ̀ tó mú un, ó he é nìyẹn, kò mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ tí a he lẹ́nu èèyàn tí a sì ń sọ kiri ni àhesọ. Àìmọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ dúró lé, kì í ṣe irọ́. Nítorí náà, ó lè já sí òótọ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rí bá dé ni kì í jẹ́ àhesọ mọ́. Òpùrọ́ ní tirẹ̀ ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kó tó lanu.

Èsì 2
Ní ti òfófó, gbígbé ọ̀rọ̀ lọ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. "Ó ṣòfófó mi fún ọ̀gá": ẹni tó gbé e lọ wà, ẹni tí wọ́n gbé e fún náà wà. Ìbáà jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, òfófó ni. Olófòófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Nínú ìròyìn, "àhesọ kan ń lọ káàkiri pé…" ló dára. Bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ hun irọ́ bí ìròyìn, ìròyìn òfegè nìyẹn.

Èsì 3
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún "àhesọ lásán ni". "Lásán" ti dá ẹjọ́ pé kò sóòótọ́ ńbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì wádìí, ẹ kọ "a kò tíì rí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀".

"Wọ́n ní" náà ń da èèyàn láàmú. Nínú "wọ́n ní owó oṣù máa lé", a kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní "wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀", ìyá rẹ̀ ló ń bọ̀wọ̀ fún, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló sì ń jẹ́. Lórí ìwé, ẹ dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀: "Màmá ní". Bó bá sì jẹ́ pé ẹ mọ ẹni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìlàjì lẹ gbọ́, àgbọ́ìgbọ́tán là ń pe ìyẹn.