Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mẹkáníìkì ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń wù mí

Mẹkáníìkì Aṣéjìrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ẹ̀bá títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà, kò jìnnà sí Aṣéjìrè. Ẹni tó bá mọ títì yẹn mọ ohun tí ojú wa ń rí. Bí ọkọ̀ bá gbókìtì, àwa la sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, torí àwa la ní jáàkì àti irin tí a fi ń ya ilẹ̀kùn.

Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀sì kan já sí kòtò. A ti ń fa àwọn èèyàn jáde, ẹnì kan ti ń bu omi sí ọmọkùnrin kan lẹ́nu, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ mìíràn. Ó ní kí gbogbo wa dákẹ́ ariwo. Ó ṣẹ́ ìborùn rẹ̀ po, ó fi dí itan ọmọ náà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú jáde, ó wá gbé ọwọ́ mi lé e. Ó ní: "Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Má ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ yìí, fi òmíràn lé e lórí, má yọ ti àkọ́kọ́." Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn títí a fi dé ọsibítù. Ọmọ náà yè. Ìyá yẹn ní nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni òun.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ìyá mi ní iṣẹ́ obìnrin ni. Àfẹ́sọ́nà mi ní ṣe ni mo fẹ́ já pa, kí n fi òun sílẹ̀. Ká sòótọ́, mi ò lè búra pé àánú nìkan ló ń tì mí. Ó wù mí kí n kúrò lábẹ́ ọkọ̀, kí n wọ aṣọ tó mọ́, kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún mi. Mo sì ń rí owó tí àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi ránṣẹ́ sílé. Ṣé irú ọkàn báyìí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà? Àbí ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni kí n lọ ṣe?

Ọmọ Gbọ̀ngán

Já pa ni, jàre. Sọ ọ́ síta, ká gbádùrà fún ẹ 😂

Ìyá Ìbejì

Ọmọ Gbọ̀ngán, fi í lọ́rùn sílẹ̀. Bó tiẹ̀ jẹ́ já pa, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá?

Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Aṣọ funfun ló gbé mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, fìlà rẹ̀ á dúró ṣánṣán, àwọn ìyá ọlọ́jà á máa kí i bí ìyàwó ọba. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, kò sí àánú kankan níbẹ̀. Àánú dé nígbà tó yá. Àwọn kan tí a jọ wọlé, tí wọ́n ní Ọlọ́run ló pe àwọn, aláìsàn kan ṣoṣo tó ṣépè fún wọn ló lé wọn lọ.

Owó tí o dárúkọ kò dẹ́rù bà mí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ibi tí iṣẹ́ náà ti gbóná jù lọ nìkan lo rí. Ìyẹn máa ń wọni lára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ gbé dé ọsibítù, ta ló wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì? Ta ló ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ní wákàtí méjì méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò? Ta ló wọn ìtọ̀ rẹ̀, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó tún sáré lọ síbi ibùsùn mìíràn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pọ̀ sí. Lóru, ó lè jẹ́ ìwọ nìkan lo máa wà pẹ̀lú wọ́ọ̀dù tó kún, iná á lọ, ẹbí aláìsàn á máa bú ẹ pé o ń sùn.

Bi ara rẹ léèrè: ṣé o ti wẹ ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ rí? Ṣé o ti da póò ẹlòmíì nù rí, kí o sì tún jẹun lẹ́yìn rẹ̀? Wá ẹni tó ń ṣàìsàn ládùúgbò, lọ bá wọn tọ́jú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o padà wá bá wa sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọkùnrin

Ẹ ṣé, màmá. Àbúrò, sọ fún ìyá rẹ pé ọkùnrin ni mí, irùngbọ̀n mi sì pé. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, àwa ọkùnrin ni wọ́n ń wá kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní pàjáwìrì, àti lọ́dọ̀ àwọn tó kán légungun, torí pé ẹni tó sanra tó kán nítan kì í gbé ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aboyún ló lè díjú. Ẹlòmíì á ní òun ò fẹ́ ọkùnrin. Má bínú, pe obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ.

Wọ́n á tún máa pè ẹ́ ní "dókítà". Má gbà á, pàápàá bó bá ń dùn mọ́ ẹ.

Ní ti ọ̀wọ̀ àti owó: ní ìparí oṣù Keje 2025 àwa nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lórí owó àjẹmọ́nú àti àìtó òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, mo sì wà lára àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀. Méjèèjì lè wà nínú ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ọ̀dọ̀ àwa tó já pa ni ọ̀rọ̀ já sí. Sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ kó fọkàn balẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà ní èèyàn gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gbàwé àṣẹ, kí àwọn tó bá a fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ sí òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn gan-an. Ka ọdún ìwé mọ́ ọn, kí o wá ka ìdánwò tó ń dúró de èèyàn níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bó bá jẹ́ pọ́n-ùn nìkan ló ń tì ẹ́, ó máa sú ẹ lójú ọ̀nà.

Bó bá sì jẹ́ pé o ń rò ó pé ọjọ́ orí rẹ ti pọ̀ jù: Kofoworola Abeni Pratt ti ṣe tíṣà ní Èkó kó tó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1946. Aláìsàn kan tiẹ̀ kọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ tọ́jú òun. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn, ó sì padà sílé lọ́dún 1954. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù ní ọsibítù UCH Ìbàdàn.

Máṣà Ọ̀nà Ifẹ̀

Ẹ jẹ́ n dá sí ti ojú pópó. Títì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà yẹn ló bí iṣẹ́ wa. Bó ṣe ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ wà lára ohun tó mú kí Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 1977. Lọ́dún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo Nàìjíríà, sílẹ̀.

O lè di máṣà ọ̀fẹ́ bíi tèmi, ìyẹn ẹni tó ń bá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣiṣẹ́ láìgbowó, láì fi jáàkì sílẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wàhálà wà fún wa: ẹ máa ń fa èèyàn lápá, ọrùn rẹ̀ á sì ti kán. Bí kò bá sí iná, tí ọkọ̀ ò sì fẹ́ rì, ẹ dúró, ẹ di orí àti ọrùn mú. Omi tí wọ́n ń bu sẹ́nu ẹni tó dákú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ pe 122, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Red Cross náà máa ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọsibítù bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gbàwé ọlọ́pàá wá, ẹ rán wọn létí òfin ìlera 2014: wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á.

Mẹkáníìkì Aṣéjìrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá Ìbejì, mo ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá ọ̀gá mi dùbúlẹ̀, ilé wọn ni mo ń lọ láti ìgbà yẹn, mo ń bá wọn wẹ bàbá.

Mo rò pé òórùn ló máa lé mi. Òórùn kọ́. Ìtìjú bàbá ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo bọ́ ṣòkòtò wọn, wọ́n kojú sí ògiri, omijé ń bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, ni mo bá bi wọ́n nípa Peugeot 504 tí wọ́n ń wà nígbà tí wọ́n ń ná Kánò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe nínú igbó láìsí mẹkáníìkì. A ti wẹ̀ tán kí ìtàn wọn tó dé Jẹ́bà. Ní báyìí, bí mo bá wọlé, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn.

Ó ṣì ń wù mí. Ṣùgbọ́n mo gba F nínú Físíìsì nínú WAEC. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì àti Kẹ́mísírì wà. Ẹnì kan ní kílíníìkì aládàáni ládùúgbò wa ní kí n wá, òun á kọ́ mi ní nọ́ọ̀sì láàárín oṣù mélòó kan, mi ò ní nílò Físíìsì.

Ìyá Ìbejì

Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ 504 yẹn? Ó wà lára ohun tí a máa ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, tí àwọn kan ò sì gbọ́ títí wọ́n fi gboyè.

Kílíníìkì yẹn, má dé ibẹ̀ o! Ọgisílíárì ni wọ́n fẹ́ fi ẹ́ ṣe. Wọ́n á wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún ẹ, wọ́n á fún ẹ ní abẹ́rẹ́ gún, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n á san, ìwé tí wọ́n bá sì fún ẹ, àjọ nọ́ọ̀sì ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí aláìsàn bá kú sí ẹ lọ́wọ́, ìwọ nìkan ni. Kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù níbikíbi, wò ó bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà wà lára àwọn tí àjọ náà fọwọ́ sí.

Tíṣà Ìkirè

Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: mẹ́rin tí o kà yẹn pẹ̀lú Físíìsì. Wọ́n gbà kí o kó o jọ látinú ìdánwò ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí náà NECO tàbí GCE máa tán an. Lẹ́yìn náà ni JAMB: Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. Ọdún márùn-ún ni ní yunifásítì, sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ kó má lọ rò pé méjì ni.

Ẹni tó mọ bí jáàkì ṣe ń gbé ọkọ̀ ti mọ ìdajì ohun tí mo máa kọ́ ọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kan. Béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ mi ní kọ̀rọ̀. Mi ò ní gbowó, ṣùgbọ́n mọ́tò mi ń yọ èéfín dúdú.

Mẹkáníìkì Aṣéjìrè

Ẹ gbé e wá, sà. Ó jọ pé nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ni.