Ẹ̀rọ ayẹ-ohùn-gìtá mi ń ṣi okùn tó nípọn jù lọ kà

Olùbéèrè, Kàbà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa sọ fún àwọn onígìtá ìjọ wa bóyá okùn wọn dún bó ṣe yẹ. Èyí tó yẹ kó dún ní 110 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kò yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n èyí tó nípọn jù lọ, tí í ṣe 82.41 Hz, ni ó sábà máa ń kà sí 165. Kí ló fà á?

Ìdáhùn, Mọ̀pà: Ìlọ́po méjì ohùn náà ni ó gbọ́, nítorí pé máíkì kékeré kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Ṣé FFT, ìṣírò tó ń pín ohùn sí oríṣiríṣi iye Hz tó wà nínú rẹ̀, ni ẹ ń lò? Bí ẹ bá ń gba ìwọ̀n ohùn 8000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì ń ṣírò 1024 nínú wọn lẹ́ẹ̀kan, àlàfo àárín iye Hz kan sí èkejì nínú èsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 Hz, bẹ́ẹ̀ 5 Hz péré ni ó ya ohùn yìí sí èyí tó tẹ̀ lé e. Autocorrelation, ìṣírò tó ń fi ohùn wé ara rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tún ara rẹ̀ ṣe, ni ó tọ́ sí i.

Ìdáhùn, Ìsánlú: Nígbà ìdánwò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sípíkà fóònù, kò lè gbé 82 Hz jáde, wáyà ni kí ẹ fi so fóònù mọ́ ẹ̀rọ náà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. FFT ni lóòótọ́, sípíkà fóònù náà ni mo sì fi ń dán an wò.