Èsì: "amúniríran" fún kárọ́ọ̀tì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ ṣe lórí kárọ́ọ̀tì nínú ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà. Ó gún régé, àfi "amúniríran" tí ẹ sọ ọ́. Etí mi kọ̀ ọ́.

Ẹ ní ohun tó ń múni ríran ni ẹ ní lọ́kàn, torí "ojú rẹ̀ kò ríran" ni gbogbo wa ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni. "A-" tí ẹ fi ṣíwájú ló dá wàhálà sílẹ̀. Ṣé aríran ni ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká? Wòlíì ni! Ẹ gbé amúniríran kalẹ̀ lọ́jà, àwọn aláṣọ funfun ni yóò kọ́kọ́ rà á fún ìṣọ́ òru.

Ẹ tún fi ewé amúnimúyè ṣe àwíjàre. Àwọn tó sọ ewé yẹn lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Kárọ́ọ̀tì ńkọ́? Ara ń sọ èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní beta-carotene di fítámì A, pàápàá tí ẹ bá fi epo díẹ̀ sè é. Ẹni tí fítámì yìí wọ́n lára rẹ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran tílẹ̀ bá ti ṣú, ló máa jèrè. Ẹni tí tirẹ̀ pé, bó bá ń jẹ ẹ́ ní àjẹjù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò pọ́n bí ìbẹ́pẹ.

Li Shizhen, oníṣègùn ará Ṣáínà tí wọ́n tẹ ìwé egbòogi rẹ̀ jáde ní 1596, àyà, ikùn àti ìfun ló ní ó ń ṣe lóore. Ó ní ilẹ̀ àwọn Hu, àwọn àjèjì ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, ló ti wá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní hú luóbo, "rádíìṣì àwọn Hu". Àwọn baba wa náà ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀pẹ̀yìnbó, iyọ̀ òyìnbó. Àlùbọ́sà bá ẹnu Hausa wọlé, ta ló dá "amúnisunkún" sílẹ̀ fún un?

Èyí tó tún bí mi nínú ni "tútù" tí ẹ fi túmọ̀ píng, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ bóyá oúnjẹ gbóná tàbí tutù nínú ara. Li ní ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn oníṣègùn wọn òde òní ní kò gbóná, kò tutù. Níbo lẹ ti rí tútù? Ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìyá ìyá mi tó ń ta àgbo, ẹ ó gbọ́ tẹnu ẹ̀!

Orúkọ "kárọ́ọ̀tì" tó mi. Ẹni tó sì ń kọ "kárọ́ọ̀tù" láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ní bí wọ́n ṣe ń pè é n'Íbàdàn nìyẹn, ìlú mi n'Íbàdàn o. Àdúgbò wo ló ti gbọ́ ọ?