Ẹ gbà mí o, kí ni mo lè ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ Pírámárì Wán ká tó gba ọlidé?

Ọ̀kun o gbogbo ilé. Kábà ni mo wà, Pírámárì Wán ni mò ń kọ́, ọmọ 38, ìdánwò ti parí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan ká gba ọlidé, wọn ò tiẹ̀ fẹ́ rí ṣọ́ọ̀kì sójú mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sáyẹ́ǹsì wo ni wọ́n lè fọwọ́ ara wọn ṣe tí ò ní ná mi lówó?

Lánàá mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kaun tí mo gún, ló bá ń hó yàà nínú ife, ọmọ kan ní tísà ń se omi láìdáná 😂. Mo tún fi ẹyin sínú omi iyọ̀, ó léfòó lóòótọ́, àmọ́ ẹyin ẹyọ kan, ọmọ 38, ẹ mọ bó ṣe parí. Ẹ̀wà inú òwú ò lè bá a mọ́, kó tó yọ ewé dáadáa a ti gba ọlidé. Ti òjìji náà, òjò ò jẹ́ ká rí oòrùn.

Páálí, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìdérí ìgò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá ti fi wọ́n ṣe nǹkan rí, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe pín àwọn ọmọ náà o, torí tèmi, ìjà ló máa ń dà.