Òṣèré agbéwàwọ̀: kí la ó máa pe irú Margaret Rutherford?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ fún ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní character actress, ìyẹn obìnrin òṣèré tí a mọ̀ mọ́ ṣíṣe ẹ̀dá tí ìwà rẹ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀: òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, òṣèré aláwàdà àti òṣèré ẹ̀dá-ìtàn. Margaret Rutherford, òṣèrébìnrin ará England, lẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń kọ ìtàn rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ obìnrin yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi wọ̀n wọ́n.

Ẹ̀dá-ìtàn kò gba àsìkò. Òṣèré wo ni kì í ṣe ẹ̀dá ìtàn?

Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n ipò ló ń sọ, kò sọ irú iṣẹ́. Lóòótọ́, ipa amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kó nínú fíìmù The V.I.P.s ló gba Oscar fún un ní 1964. Àmọ́ láàárín 1961 sí 1964, òun ni olú ẹ̀dá ìtàn nínú fíìmù mẹ́rin tó ti ṣe Miss Marple, ìyá àgbà atọpinpin inú ìwé Agatha Christie. Ṣé ó wá di òṣèré mìíràn nígbà yẹn ni? Rárá o.

Aláwàdà ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ yẹn ti ní olówó orí láti ìgbà Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí wọ́n fi Madame Arcati, abókùúsọ̀rọ̀ inú Blithe Spirit, eré orí ìtàgé Noël Coward, lọ̀ ọ́ ní 1941, ó kọ́kọ́ lọ́ra, torí kò fẹ́ fi irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí onígbàgbọ́ tòótọ́ ló ṣe ṣe é, ohun tó sì ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín nìyẹn. Aláwàdà mọ̀ pé àwàdà lòun ń ṣe. Arcati kò mọ̀.

Èyí tí mo mú wá ni agbéwàwọ̀: a-gbé-ìwà-wọ̀, bí a ti ń gbé agbádá wọ̀. Ẹnìkan nínú yín ti fèsì pé àgbọ̀n kan náà, ojú kan náà ni Rutherford ń gbé kiri, pé òun kọ́ ló ń gbé ìwà wọ̀, ìwà ló ń gbé e wọ̀. Èsì náà dùn létí, pàápàá nígbà tí Marple inú ìwé jẹ́ pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí Rutherford sì sanra. Ṣùgbọ́n ẹ wo The Importance of Being Earnest, eré Oscar Wilde. Ní London ní 1939, òun ni Miss Prism, olùkọ́ tó gbàgbé ọmọ ìkókó sínú báàgì ní ọdún 28 sẹ́yìn, tí jìnnìjìnnì bò ó nígbà tí Lady Bracknell, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, jágbe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí eré náà dé New York ní 1947, òun ni wọ́n fi ṣe Lady Bracknell! Ó tún padà ṣe Prism nínú fíìmù 1952. Àgbọ̀n kan náà ló ń jágbe, òun náà ni wọ́n ń jágbe mọ́. Bí ìyẹn kì í bá ṣe gbígbé ìwà wọ̀, kí la ó tún pè é?

Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni pé bí agbéwàwọ̀ bá dá dúró, ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí alágàbàgebè. Ẹ jẹ́ ká má já òṣèré kúrò níwájú rẹ̀, ó kéré tán títí tí yóò fi mọ́ àwọn èèyàn létí.