"Olùdámọ̀ràn" tàbí "agbaninímọ̀ràn": ìgbìmọ̀ ilé ìwádìí àjọlò ní ifásitì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní, bí ifásitì bá kó ẹ̀rọ ìwádìí olówó ńlá jọ sójú kan kí gbogbo ẹ̀ka lè máa lò wọ́n, èyí tí à ń pè ní ilé ìwádìí àjọlò, kí á máa pe àwọn tí ń gbèrò lórí ibẹ̀ ní "ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn", nítorí pé "olù-" níyì, àti pé "agbaninímọ̀ràn" gùn jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọn.

"Agbanisíṣẹ́" àti "akọ́nilẹ́kọ̀ọ́" ń bẹ lẹ́nu gbogbo wa, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ráhùn pé wọ́n gùn. Ohun tí "agbaninímọ̀ràn" ní tí èkejì kò ní ni "-ni-" àárín yẹn, èyí tí í ṣe "ẹni". A kì í gba afẹ́fẹ́ nímọ̀ràn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí à ń gbà. Ṣùgbọ́n a lè dá ìmọ̀ràn kí á má rí ẹni gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn oníwèé ìròyìn fi máa ń fi "fún gómìnà" kún un bí wọ́n bá kọ "olùdámọ̀ràn pàtàkì".

Ibi "ẹni" yìí gan-an ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń kú. Wọ́n á yan ọ̀jọ̀gbọ́n méje mẹ́jọ, wọ́n á fún wọn ní lẹ́tà, lẹ́tà náà kò sì ní sọ bóyá gíwá ifásitì ni wọn yóò máa jábọ̀ fún, tàbí igbákejì rẹ̀, tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹ̀rọ NMR, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń mọ bí èròjà ṣe rí nínú: òòfà inú rẹ̀ ń fẹ́ helium olómi tí yóò máa mú un tutù, yálà ẹnikẹ́ni lo ẹ̀rọ náà lóṣù yẹn tàbí wọn kò lò ó, bí helium bá tán, òòfà á gbóná, agbára rẹ̀ á sì pòórá. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé kí á ra helium, tí kò sí ẹni pàtó tó gbọ́dọ̀ fèsì kí ọjọ́ báyìí tó pé, wọ́n ti dá ìmọ̀ràn, wọn kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó tí à ń san láti lo ẹ̀rọ, nítorí àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń gbà má ṣojúsàájú láàárín iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, kí wọ́n sì máa tún iye náà ṣe, ó kéré tán, lọ́dún méjì méjì. Ta ni yóò sọ fún ọ̀gá pé iye náà ń lé akẹ́kọ̀ọ́ sá, bí kò ṣe àwọn tó ń lo ẹ̀rọ? Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì wá láti ẹ̀ka tó yàtọ̀ síra. Ẹ̀rọ accelerator (ẹ̀rọ tí ń mú àwọn èérún átọ́ọ̀mù sáré kíkankíkan) tó wà ní Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ti onífísíìsì nìkan; ó wúlò fún ẹni tó ń yẹ eruku inú afẹ́fẹ́ wò àti ẹni tó ń yẹ òkúta wò.

Ẹ̀gbọ́n tún fi Ọ̀yọ́mèsì, ìgbìmọ̀ ìjòyè Aláàfin Ọ̀yọ́, ṣe ẹ̀rí pé ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn níyì. Òótọ́ ni pé àwọn ìjòyè méje náà, tí Baṣọ̀run ṣáájú wọn, níyì, ṣùgbọ́n afọbajẹ ni wọ́n, wọ́n ní àṣẹ. Ìgbìmọ̀ tí à ń sọ yìí kò gbọ́dọ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí ó bá di pé òun ló ń pín àkókò ẹ̀rọ, ó ti di alákòóso nìyẹn, iṣẹ́ tara wọn ni wọn yóò sì máa kọ́kọ́ ṣe. Síbẹ̀, Ọ̀yọ́mèsì pàápàá mọ Aláàfin tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tún ní olùkọ́ wa tó ti dolóògbé kò lo "agbaninímọ̀ràn" rí; kíláàsì kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n jọ jókòó sí, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ náà. Ní ti "àjùmọ̀lò" tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi rọ́pò "àjọlò", n kò tíì rí ohun tí "jùmọ̀" ní tí "jọ" kò ní. Kí ẹni tó bá rí i fi gbólóhùn kan ṣoṣo fi ìyàtọ̀ wọn hàn wá.