Àbọ̀ ọ̀rọ̀ táyà mi: afẹ́fẹ́ 32 ni, kì í ṣe 45

Mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí táyà Corolla mi fi ń jẹ láàárín, tí ọkọ̀ sì ń ta mí sókè lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ẹni tó ní kí n wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ló bá mi yanjú ẹ̀: psi 32 (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ló wà níbẹ̀. 45 ni fọkanáísà ń fún mi látọjọ́ yìí! Mo ra gèéjì tèmi tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, ìdájí ni mo sì ń wọn afẹ́fẹ́ náà, torí bí táyà bá ti gbóná, iye náà á ti lọ sókè. Ọkọ̀ ti rọlẹ̀ gan-an. Gbígbé táyà iwájú sẹ́yìn dín ariwo kù díẹ̀, àmọ́ èyí tó ti jẹ ti jẹ. Màá ra táyà tuntun méjì. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń jò lẹ́nu fáàfù. Ẹ ṣé o.